Èdè-Ìperí fún Ìtọ́jú Odidi Ènìyàn ní Ayé Kọ̀ǹpútà àti Fóònù: Àyẹ̀wò láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó

1. Ìfáárà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Àkúrẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ìbátan mi. N kò ní dárúkọ ilé ìtọ́jú náà, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí a bá ti ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ohun tí wọ́n kọ ni: *E ma jeun ki e to wa fun ayewo eje*. Èrò wọn ni pé kí ìyá má fi ohunkóhun kan ẹnu títí wọn yóò fi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ ìwọ̀n ṣúgà tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ka iṣẹ́ náà fún un kà á sí *ẹ máa jẹun*. Ìyá jẹ iyán àárọ̀, ó yó dáradára, ó sì gbọ̀nà ilé ìtọ́jú lọ. Èsì àyẹ̀wò fi hàn pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Wọ́n bi í bóyá ó ti tẹ̀ lé àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn fi ránṣẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni ó sì sọ. Wọ́n fi kún oògùn rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí a bá a ní ìdájí tí òógùn bò ó, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò sì lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀: ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Omi ṣúgà tí aládùúgbò kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì rọra fún un mu ni ó mú un bọ̀ sípò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa ohun tí ó kan àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ èdè-ìperí nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aláìsàn. A ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí bí a ó ṣe pe ẹ̀yà ara, àrùn, ìṣirò àti gírámà ní èdè wa. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí dókítà àti nọ́ọ̀sì fi ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìwé pẹlẹbẹ tí a fi ń kọ orúkọ aláìsàn ti ń di àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ohùn nọ́ọ̀sì sì ti ń di àtẹ̀jíṣẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, n óò gbìyànjú láti yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò, n óò sọ èyí tí mo fara mọ́ àti èyí tí n kò fara mọ́, n óò sì fi hàn pé bí a ṣe kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lè ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni n óò ti mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ mi, nítorí pé ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù, àti nítorí pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìtàn kan nípa fóònù àti ìtọ́jú tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè fetí sí.

2. Ètò Abíyè àti orúkọ tí ó jẹ́

Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká irú ti GSM dé Nàìjíríà. Ní ọdún 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mimiko, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà àti ọmọ ìlú Oǹdó, dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn aboyún àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, tí Ìgbàrà-Òkè jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan níṣẹ́ pàtàkì, wọ́n fi aboyún bíi 25 sí abẹ́ ìtọ́jú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ tí ó ń mójú tó wọn láìsan owó ìpè. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà nínú ohun èlò ètò náà fún ojú ọ̀nà oko tí ọkọ̀ ńlá kò lè gbà. Ní ọdún 2010 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́; lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sí ìlú Oǹdó.

Èrò tí ó wà lẹ́yìn ètò yìí jẹ mọ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Thaddeus àti Maine, tẹ̀ jáde ní ọdún 1994. Wọ́n ní ìdádúró mẹ́ta ni ó máa ń pa aboyún: ìdádúró kí ó tó pinnu láti lọ sí ilé ìwòsàn, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró lẹ́yìn tí ó bá dé ibẹ̀. Ètò Oǹdó fi ẹ̀kẹrin kún un, èyíinì ni ìdádúró tí ó máa ń wà nígbà tí ilé ìtọ́jú kékeré bá fẹ́ fi aboyún ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí a bá yẹ ìdádúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu wà nínú gbogbo wọn. Ẹnì kan ní láti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹlòmíràn ní láti gbọ́ ọ ní àgbọ́yé.

Orúkọ ètò náà, *Abíyè*, yẹ fún àkíyèsí wa. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kò lọ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kí wọ́n tó máa wá bí wọn yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá *àbíkú* náà ni a gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí: mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe *bí*, àti ọ̀rọ̀-ìṣe kejì tí ó sọ àbájáde. Ìyàtọ̀ *kú* àti *yè* nìkan ni ó wà láàrin wọn. Ìyá tí kò ka ìwé rí ní abúlé kan gbọ́ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣèlérí fún òun àti ohun tí wọ́n ń lé sá. Nígbà tí ìjọba kan náà tún fẹ́ fa àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ wọlé ní ọdún 2014, kí wọ́n lè máa mú àwọn aboyún wá sí ilé ìwòsàn kí àwọn náà sì rí owó gbà fún un, *Agbẹ̀bíyè* ni wọ́n pe ètò náà. Wọ́n so *agbẹ̀bí* mọ́ *yè*. Gírámà lè bá a jà díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí kò yé.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Kuopio ní Finland, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò orí kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Iṣẹ́ ribiribi ni, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. MINPHIS ni orúkọ tí ó wá jẹ́, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan. Ẹni tí a ń kọ nípa rẹ̀ sínú ètò náà kò lè mọ̀ láti inú orúkọ rẹ̀ ohun tí ó ń ṣe. N kò sọ èyí láti bu ẹnikẹ́ni kù. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe é fún, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ilé ìwòsàn ń kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí irinṣẹ́ bá jáde kúrò lórí tábìlì akọ̀wé tí ó wọ àpò aboyún ní Ìgbàrà-Òkè, èdè tí ó ń sọ kò lè jẹ́ ti akọ̀wé mọ́.

3. Orúkọ tí a ó pe àwọn nǹkan

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní *holistic*. Àwọn ilé ìtọ́jú tí ń jẹ́ orúkọ yìí máa ń sọ pé àwọn kì í tọ́jú ẹ̀yà ara kan ṣoṣo, pé àwọn a máa wo oúnjẹ, oorun, ọkàn, ẹbí àti iṣẹ́ ẹni náà. Kò sí ohun tuntun nínú èyí fún Yorùbá. Ní Aró, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti ń jẹ́ kí àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé máa gbé láàrin àwọn ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí ó sì ń fi àwọn adáhunṣe ṣe alábàáṣiṣẹ́. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1948, ìwé òfin rẹ̀ ka ìgbádùn ara, ti ọkàn àti ti àwùjọ mọ́ ìlera. Ọ̀rọ̀ wa *àlàáfíà* ti gba gbogbo èyí mọ́ra. Ẹni tí ó bá bi ọ́ pé "Ṣé àlàáfíà ni?" ń béèrè ọmọ, iṣẹ́ àti ilé. (Ọ̀rọ̀-àyálò ni òun náà láti inú èdè Lárúbáwá, kí àwọn tí ń sá fún àyálò má baà gbàgbé.) Mo ti gbìyànjú *ìtọ́jú alálàáfíà*, ṣùgbọ́n etí kò gbà á, nítorí ó dà bí ẹni pé ẹni tí ara rẹ̀ ti le ni a ń tọ́jú. *Ìtọ́jú olódidi* kúrú, ó sì dára lórí ìwé. Lẹ́nu ará ọjà ó nílò àlàyé. *Ìtọ́jú odidi ènìyàn* ni mo fara mọ́. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò nílò olùtúmọ̀.

Èkejì ni *digital*. Bí a bá tọ orísun rẹ̀ lọ, ìka ọwọ́ tí a fi ń kà nǹkan ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wá pe *digital care* ní ìtọ́jú oníka, àwọn ènìyàn yóò rò pé àkàndùn ni ilé ìtọ́jú náà ń wò. Èrò mi ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìtúmọ̀ rẹ̀ rárá, kí a máa fi irinṣẹ́ tí a lò pe iṣẹ́ náà: *àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà*, *ìtọ́jú orí fóònù*, *ìtọ́jú láti òkèèrè*. Ní ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ fẹ́ràn *ẹ̀rọ ayárabíàṣá*. Orúkọ oríkì ni mo kà á sí. Ó sọ pé ẹ̀rọ náà yára, kò sì sọ ohun tí ó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà náà yára. *Kọ̀ǹpútà* ni nọ́ọ̀sì ń pè é, òun náà ni aláìsàn ń pè é.

*Dátà* léwu ju èyí lọ. Ó ti wọ inú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tipẹ́ fún ohun tí olùwádìí kó jọ. Ṣùgbọ́n lónìí, bí o bá sọ fún ìyá kan ní ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ pé ilé ìtọ́jú fẹ́ tọ́jú dátà rẹ̀, yóò rò pé ẹ fẹ́ ra íntánẹ́ẹ̀tì sórí fóònù òun ni, bóyá yóò tilẹ̀ dúpẹ́. Nítorí náà, *àkọsílẹ̀ nípa yín* ni kí a máa sọ fún un. Kí a fi *ìwífún* sílẹ̀ fún ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ dúró lé díẹ̀ ni *aláìsàn*. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tí ó kó gbogbo ẹni tí ó wá sí ilé ìwòsàn pọ̀, àwa sì fi *aláìsàn* túmọ̀ rẹ̀. Aboyún kì í ṣe aláìsàn. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá kí i pé "Aláìsàn wa ọ̀wọ́n", ìyá ọkọ rẹ̀ yóò fi àdúrà dá ọ̀rọ̀ náà padà kí ó tó kà á tán, kò sì burú. Ẹni tí ó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kì í ṣe aláìsàn. Mo ronú kan *agbàtọ́jú*, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ *alágbàtọ́* jù, ẹni tí ó ń bá ni tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Yóò wá dà bí ẹni pé ẹni tí ó wá gba ìtọ́jú ni ó ń tọ́jú ẹlòmíràn. *Ẹni-à-ń-tọ́jú* kò ní ìdàrúdàpọ̀ yìí, gírámà wa sì fara mọ́ irú ìhun bẹ́ẹ̀. Ìyẹn fún ìwé wa. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, *Ìyá* tàbí *Bàbá* ati orúkọ ni ó tọ́. Fún ọ̀dọ́, orúkọ nìkan pẹ̀lú *ẹ* ọ̀wọ̀ ti tó.

Ọjọ́ tí ilé ìtọ́jú fún ni pé kí a padà wá tún ní ọ̀fìn tirẹ̀. A máa ń sọ pé dókítà *dá ọjọ́* fún ni. Bí a bá sọ gbólóhùn yìí di ọ̀rọ̀-orúkọ ní ọ̀nà tí ó rọrùn jù, *ìdájọ́* ni yóò yọjú, ta ni ó sì fẹ́ gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti ilé ìwòsàn pé ìdájọ́ òun di ọ̀la? *Ọjọ́ àdéhùn* ni kí a lò. Fún ìwé tí ilé ìtọ́jú kékeré fi ń fi ènìyàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, mo dábàá *ìwé ìfiniránṣẹ́*. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n *lé* àwọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá lò ní wákàtí náà wà lára ohun tí ó ń sọ bóyá ìdádúró kẹrin yóò gùn tàbí yóò kúrú.

4. Àmì ohùn àti ìwọ̀n àtẹ̀jíṣẹ́

Mo padà sí *má* àti *máa*. Ìwé àkọtọ́ ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: fáwẹ̀lì kan fún ìkọ̀sílẹ̀, fáwẹ̀lì méjì fún ìṣe atẹ́rẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ *ma* fún méjèèjì lórí fóònù wọn. Nínú ìwé ìtàn, òǹkàwé yóò fi ojú inú mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Nínú ìmọ̀ràn ìṣègùn, kò sí ojú inú tí ó lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ẹni náà kò mọ ohun tí dókítà fẹ́. *E ma lo oogun naa* lè jẹ́ àṣẹ, ó sì lè jẹ́ èèwọ̀. *Lo* náà kò dúró sójú kan: bí kò bá ní àmì, ó lè jẹ́ *lò*, ó sì lè jẹ́ *lọ̀*, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oògùn oníhóró kan wà tí a kò gbọdọ̀ lọ̀ kí a tó gbé wọn mì. *Ebi* lè jẹ́ *ẹbí*. Mo mọ ẹni tí wọ́n ní kí ó wá *pelu ebi* tí ó sì kó ọmọ mẹ́ta dání.

Ẹni tí kò mọ̀ bí fóònù ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò sọ pé kí àwọn ilé ìtọ́jú sáà máa fi àmì sí i. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́. Àkójọ lẹ́tà tí a ṣe fún àtẹ̀jíṣẹ́ GSM láti ìbẹ̀rẹ̀ gba lẹ́tà 160 nínú iṣẹ́ kan. Àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún. À, è, ì, ò àti ù wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn tí ó ní àmì òkè, é nìkan ni ó wà. Kò sí á, í, ó tàbí ú, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ rárá. Bí a bá fi ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí sínú iṣẹ́ wa, fóònù yóò yí gbogbo iṣẹ́ náà sí irú ìkọsílẹ̀ mìíràn, èyí tí kò gbà ju 70 lọ. Ilé ìtọ́jú tí ó ń fi ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ránṣẹ́ lóṣù yóò wá san owó iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta dípò ẹyọ kan. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀: *ẹ́* tí ojú wa rí gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, méjì ni ẹ̀rọ kà á sí, nítorí pé àmì orí rẹ̀ dá dúró.

Síbẹ̀, ẹ wo gbólóhùn yìí: *Ẹ má jẹun ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kí ẹ tó wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.* Ojú ka 50, àlàfo àti àmì ìdánudúró pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ka 55. Ó wọ inú iṣẹ́ ẹyọ kan láìfún ara rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá mọ Yorùbá kọ lè sọ ohun púpọ̀ nínú àádọ́rin lẹ́tà. Àwọn ìkíni gígùn tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń jẹ àyè. Iṣẹ́ tí ó yẹ àwọn olùtúmọ̀ ni èyí, ó sì yẹ kí ilé ìtọ́jú sanwó fún un.

Àmọ́ n kò gbà pé àmì nìkan ni ó lè gbà wá, nítorí pé àwọn fóònù kan ṣì wà tí wọ́n ń sọ ẹ àti ọ di àpótí òfìfo. Àbá mi kejì ni pé nínú ìmọ̀ràn tí ó lè ṣe ikú pa, kí a yan ìhun tí kò lè yí padà bí àmì bá tilẹ̀ bọ́. *Ẹ kò gbọdọ̀ jẹun* dára ju *ẹ má jẹun* lọ. Bọ́ àmì ara rẹ̀ kúrò, ó di *E ko gbodo jeun*, ìtumọ̀ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. *Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́* dára ju *ìgbà méjì* lọ, nítorí *igba* tí kò ní àmì lè di iye tàbí ohun èlò ilé ìdáná. Fún oògùn, ọ̀rọ̀-ìṣe *gbé mì* kò ṣeé ṣì kà bíi *lò*. Ìlànà tí mo ń wí kò tíì hàn dáradára nínú iṣẹ́ èdè-ìperí wa. Nígbà tí a bá ń yan ọ̀rọ̀, a máa ń béèrè bóyá ó kúrú, bóyá ó bá gírámà mu, bóyá etí gbà á. Kí a tún béèrè bóyá ó lè la òjò já láìsí agbòjò.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ tún wà, fún àwọn tí kò lè kàwé. Ìṣòro àmì kò sí níbẹ̀. Ìṣòro ẹ̀ka-èdè ni ó wà. Ará Àkúrẹ́ àti ará Oǹdó a máa sọ *ulé* níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń sọ *ilé*. Wọ́n gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, wọ́n sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ẹ̀rù ń bà a óò tètè gbàgbọ́ bí ohùn tí ó ń pè é bá jọ ti ilé rẹ̀. Bí owó bá wà, kí wọ́n gba ohùn méjì sílẹ̀. Bí kò bá sí, kí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ má ṣe yára.

5. Orúkọ ènìyàn nínú àkọsílẹ̀

Ìwọ̀nba ni n óò sọ lórí èyí. A lè kọ *ẹ́* sórí kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ: a lè fi àmì òkè lé *ẹ*, a sì lè fi àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ *é*, àwọn mìíràn tún ń lo ìlà kékeré ní òòró dípò kókó. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà tí a kò bá kọ́ yóò ka orúkọ kan náà sí orúkọ mẹ́ta, kò sì ní rí èyí tí a kọ láìsí àmì rárá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú fáìlì kan pé ara Ìyá Bọ́sẹ̀ kò gba pẹnisílínì, tí nọ́ọ̀sì ẹlòmíràn sì ṣí fáìlì kejì fún un nítorí pé kò rí ti àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ náà wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò. Iṣẹ́ ẹlẹ́rọ ni àtúnṣe rẹ̀, kò sì le: kí ẹ̀rọ sọ gbogbo wọn di irú kan náà kí ó tó wá orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rọ kò ní mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀ bí olùkọ́ Yorùbá kò bá sọ fún un. Títí di ìgbà náà, nọ́ńbà káàdì ni kí wọ́n fi máa wá fáìlì.

6. Ohun tí fọ́ọ̀mù kò béèrè

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Yorùbá ni ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, ibẹ̀ sì ni ilé ìtọ́jú odidi ènìyàn ti lè jèrè èdè wa jù.

Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà tí mo ti rí ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí oògùn ìbílẹ̀: ṣé ẹni náà ń lo ewé àti egbò, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í sì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹni tí ó ń lo ẹ̀tù kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ń mu ewé. Yorùbá ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. *Àgbo* ni a fi omi sè tàbí tí a rẹ sínú omi. Ohun tí omi bá fà jáde ni ó ń wọ ara. *Agúnmu* ni a gún tí a ń fi ẹ̀kọ gbígbóná tàbí ohun mímu mìíràn mu, odidi ewé tàbí egbò náà ni ó sì wọ inú. *Ẹ̀tù* ni a jó kí a tó lọ̀ ọ́. Iná ti yí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ padà. *Àsèjẹ* ni a sè mọ́ oúnjẹ, nítorí náà iyọ̀ àti epo inú rẹ̀ kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. *Gbẹ́rẹ́* kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí a ń gbé mì. Abẹ ni a fi ń sín in, abẹ tí a bá sì fi sín ẹlòmíràn ṣáájú lè gbé kòkòrò HIV tàbí ti àrùn mẹ́dọ̀ irú B wọ ara ẹni tí ó kàn.

Ìyàtọ̀ wọ̀nyí kan iṣẹ́ dókítà gan-an. Bí kíndìnrín ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá àgbo ni ó ń mu tàbí agúnmu, báwo ni ó sì ṣe pọ̀ tó. Fọ́ọ̀mù tí ó bá ní àpótí márùn-ún fún ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí yóò gba òtítọ́ tí àpótí ẹyọ kan kò lè gbà. A kò nílò láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan fún un. Àwọn ìyá wa ní ọjà ewé ti ṣe iṣẹ́ náà.

Bákan náà ni orúkọ àìsàn. *Ibà* lè jẹ́ ara gbígbóná, ó sì lè jẹ́ àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. *Jẹ̀díjẹ̀dí* kò bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan mu pátápátá. Bí akọ̀wé bá yára fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀, ohun tí ẹni náà sọ ti sọnù, ohun tí akọ̀wé rò ni ó kù. Èrò mi ni pé kí ibi méjì wà nínú àkọsílẹ̀: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni-à-ń-tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́, èkejì fún orúkọ tí dókítà fún un lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ìwé orúkọ àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde, tí ó jẹ́ ìkọkànlá irú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022, ó sì ní orí kan fún ìṣègùn ìbílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú orí náà ni ìmọ̀ tí ó ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà, Jàpáàní àti Kòríà wá. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ti kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ tiwọn jọ fúnra wọn. Ní ìlú Oǹdó, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn sílẹ̀ sí, ìyẹn UNIMED, tí ẹ̀ka èdè Yorùbá sì ti wà tipẹ́ ní Kọ́lẹ́jì Adéyẹmí, tí ó ti wá di yunifásítì báyìí, kò sí ìdí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi lè bẹ̀rẹ̀ láàrin ilé ẹ̀kọ́ méjì tí wọ́n jọ wà nínú ìlú kan náà.

7. Àṣírí àti ìyọ̀ǹda

Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí a pa àṣírí ẹni tí a ń tọ́jú mọ́. Òfin ààbò lórí ìwífún ti ọdún 2023 tún fi okùn sí i. *Ọ̀rọ̀ aṣínà* ti ń dúró fún ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣí àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. *Ẹ̀dà ìpamọ́* náà dára fún ẹ̀dà kejì tí a fi pamọ́ síbòmíràn nítorí iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan. Wàhálà wà nínú ọ̀rọ̀ *àṣírí* fúnra rẹ̀. Létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun ìtìjú ni a ń ṣe àṣírí. Bí a bá sọ fún obìnrin kan pé a óò pa àṣírí rẹ̀ mọ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí rò pé a ti rí nǹkan. *Ọ̀rọ̀ yín kò ní jáde síta* sọ ohun kan náà láìdá ẹ̀rù bà á.

Fóònù ilé kan sì lè jẹ́ ti gbogbo ilé. Ọkọ ni ó ń gbé e, ọmọ ni ó ń kà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó bá dárúkọ àyẹ̀wò HIV ti jáde síta kí ẹni tí ó ni í tó rí i. Nítorí náà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dárúkọ àyẹ̀wò. *Ọjọ́ àdéhùn yín di Ọjọ́bọ̀* ti tó.

Èyí tí ó kù tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni *ìyọ̀ǹda*. Kí ilé ìtọ́jú tó kó ọ̀rọ̀ ènìyàn sórí kọ̀ǹpútà, ó gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ẹni náà fara mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni *Mo gbà* ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n *gbà* lè túmọ̀ sí pé mo fara mọ́ ọn, ó lè túmọ̀ sí pé mo gbà gbọ́, ó sì lè túmọ̀ sí pé nǹkan ti dé ọwọ́ mi. Ìyá kan tí mo jókòó tì ní yàrá ìdúró tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ó sì bi mí pé níbo ni wọ́n ti ń pín in. *Mo yọ̀ǹda* ṣe kedere, ó sì wúwo bí ẹni pé ilẹ̀ ni a ń fi tọrẹ. *Mo fọwọ́ sí i* ni mo ń dán wò lọ́wọ́lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ náà mọ ohun tí títẹ ìka sí ìwé túmọ̀ sí, ó sì máa ń béèrè ohun tí ó wà nínú ìwé kí ó tó tẹ̀ ẹ́.